Níbo ni ẹni tí kò lówó ti lè rí agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ní Èkìtì?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn kíákíá ni mo ń wá. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Adó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé pákó sọnù ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ní àbúrò mi ló gbé e, wọ́n sì ti tì í mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òní ti di Ọjọ́bọ̀. Ìyá wa ń ta ẹ̀kọ ní Ìkẹ́rẹ́, èmi náà ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé aládàáni, owó tí wọ́n ń san fún mi kò tó nǹkan. Ọkùnrin kan tó máa ń jókòó níwájú àgọ́ náà ní ká mú 80,000 náírà wá fún béèlì. Ó tún ní òun mọ lọ́yà kan tí yóò gba 150,000 náírà kó tó bá wa yọjú sí kóòtù. A ò mọ ibi tí a ó ti rí i. Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn lọ́yà kan wà tí kì í gba owó lọ́wọ́ tálákà. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni wọ́n wà, kí ni wọn yóò sì béèrè lọ́wọ́ wa?

Ìyá Ìbejì Ajílosùn
Òótọ́ ni, àbúrò mi. Má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni béèlì, àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń kọ ọ́ sára ògiri. Nígbà tí wọ́n mú ọkọ mi, owó ẹ̀rọ ìlọta mi tí mo tà ló lọ sọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí kì í sì í ṣe lọ́yà. Owó náà kò padà, ọkọ mi kò sì tètè jáde. Lọ́yà Legal Aid, ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbèjà tálákà lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá gba ẹjọ́ náà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa ju pé ká máa dé kóòtù lásìkò lọ.

Lọ lónìí. Bí wọ́n bá ti ti ọ́fíìsì pa lọ́jọ́ Ẹtì, ó di ọjọ́ Ajé kó o tó tún rí ẹnikẹ́ni, ọmọ yẹn yóò sì sun àtìmọ́lé ní Àbámẹ́ta àti Àìkú láìnídìí.

Lọ́yà Ìkọ̀lé
Adó ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò, mo sì máa ń gba irú ẹjọ́ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ èyí tí mo fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíì yóò tún ka ibí yìí lọ́la.

Ọjọ́ ni ká kọ́kọ́ kà. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé bí kóòtù tó lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti èèyàn mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí kò bá sí nítòsí, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí kóòtù bá rí i pé ó bójú mu. Kò sí àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Adó tó lè sọ pé kóòtù jìnnà sí òun. Ẹ̀sùn tó lè mú ìdájọ́ ikú wá ni òfin yọ sọ́tọ̀, ẹ̀rọ káfíńtà kò sì sí níbẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ti kọjá ààlà lórí àbúrò yín. Abala kan náà fún un láyè láti má dáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Ẹ sọ èyí fún un bí ẹ bá rí i. Kó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, kó má fi ṣe ìjà: “Ẹ má bínú sà, màá fẹ́ rí lọ́yà kí n tó kọ nǹkan kan.”

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù lọ ni sítétímẹ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí mo bá nílẹ̀, ìwé tí ọmọ náà ti fọwọ́ sí ní òru ọjọ́ tí wọ́n mú un ló ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹlòmíì kọ ọ́ fún un, wọn kò kà á sí i létí, ó fọwọ́ sí i nítorí wọ́n ní yóò lọ sílé. Bí àbúrò yín kò bá tíì kọ ọ́, kó dúró. Bó bá ti kọ ọ́, kó rántí ẹni tó kọ ọ́, èdè tí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n lù ú, bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, kó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ríra. Tó bá di oṣù mẹ́fà kó tó sọ ọ́, àwọn èèyàn á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀ ni.

Ibi tí ẹ ó lọ wá kù. Legal Aid Council jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òfin ti 2011 ló sì ń darí rẹ̀ báyìí. Ó ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ti Èkìtì wà ní Adó níbí. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ lọ ni òfin ní kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Láti 2024, 70,000 náírà ni. Owó ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn ni wọ́n ń wò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka owó oṣù tiyín mọ́ ọn. Ọmọ iṣẹ́ tí kò ní owó oṣù yẹ fún un tààrà. Olè jíjà wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n ń gbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìjà tó dá ọgbẹ́, ìfipábánilòpọ̀ àti ìpànìyàn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ èèyàn lójú ni, tàbí pé jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí i tó sì ní owó gbà-má-bínú láti béèrè, wọ́n ń ṣe ìyẹn náà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ní tiwọn, Office of the Public Defender, lábẹ́ Ministry of Justice. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù láti lọ síbẹ̀ nítorí ministry yẹn náà ni lọ́yà tó ń fẹ̀sùn kan èèyàn ti ń wá. Ẹ má bẹ̀rù. Iṣẹ́ tiwọn ni láti gbèjà ẹni tí kò ní olùgbèjà, ẹ béèrè wọn ní orúkọ, kí wọ́n má baà darí yín sí ọ́fíìsì mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ àwa agbẹjọ́rò, NBA. Ẹ̀ka wà ní Adó, ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ yín náà, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sì máa ń wà ní ẹ̀ka. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré sí alága, ẹ mú un lọ fúnra yín. Lọ́yà tó bá fẹ́ di SAN, ìyẹn oyè ńlá àwọn agbẹjọ́rò àgbà, lọ́jọ́ iwájú gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti ṣe ẹjọ́ fún aláìní lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ mo mọ ọ̀pọ̀ tí ipò yẹn kò sí lọ́kàn wọn rárá tí wọ́n ṣì ń ṣe é.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti ń lọ báyìí. Kí ni kí n mú dání?

Lọ́yà Ìkọ̀lé
Orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ orí rẹ̀, àgọ́ tó wà, orúkọ ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú un. Bí wọ́n bá ti gbé e lọ kóòtù, nọ́ńbà ẹjọ́. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, má gbẹ́kẹ̀ lé orí. Wọn yóò fún ẹ ní fọ́ọ̀mù, wọ́n sì lè ní kó o búra pé owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan.

Agùnbánirọ̀ Àná
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni mo ti sìnrú ìlú, ẹ̀yin Èkìtì ṣe mí dáadáa. Àwa agùnbánirọ̀ tó kọ́ òfin ní ẹgbẹ́ tiwa tí a ń pè ní Legal Aid CDS, ọgbà ẹ̀wọ̀n Adó sì wà lára ibi tí a máa ń lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́ pọ̀ ju ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì rí káàkiri Nàìjíríà. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ti fún ní béèlì, tí ẹbí rẹ̀ kò sì mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó lọ sọ fún wọn lábúlé. Béèlì ti wà nílẹ̀, ó sì ń sun ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe òfin ló ń dá a dúró mọ́ nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ẹnìkan tí yóò rìn dé abúlé ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí èèyàn yín wà lẹ́wọ̀n ní Adó, ẹ béèrè ọjọ́ tí àwọn agùnbánirọ̀ máa ń wá. Wọn kò lè ṣe gbogbo nǹkan, àmọ́ wọ́n lè bá yín wá fáìlì, kí wọ́n sì gbé e fún Legal Aid. Ní yunifásítì Afẹ́ Babalọlá náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní law clinic tí olùkọ́ ń bójú tó. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dúró níwájú adájọ́ rojọ́, ṣùgbọ́n ó lè tẹ́tí sí yín kó sì tọ́ yín sọ́nà.

Bàbá Ọ̀tùn
Mo ka gbogbo ohun tí ẹ sọ, n kò sì fẹ́ pa iná tí ẹ dá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́yà ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú léraléra nítorí pé lọ́yà náà kò wá. Lọ́yà tí èèyàn sanwó fún yóò wá. Tálákà tó bá fẹ̀yìn ti ọ̀fẹ́ lè pẹ́ nínú ẹ̀wọ̀n ju ẹni tó ta ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́yà Ìkọ̀lé
Bàbá, n kò ní jiyàn pé ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn lọ́yà inú ọ́fíìsì yẹn kéré sí iye fáìlì tó wà níwájú wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì lè ní ẹjọ́ ní Adó àti ní Ìjerò. Ẹni tó ń jìyà rẹ̀ kò ní fi ìyẹn ṣe ìtùnú, mo mọ̀. Ohun tí ẹbí lè ṣe wà, ó sì ń yí nǹkan padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú, kí ẹbí kọ ọjọ́ tuntun sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní kóòtù. Kí ẹnìkan lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ láti rán an létí, kó sì mọ ẹni tí yóò wá dúró bí lọ́yà náà kò bá ní lè wá. Bó bá pa ẹjọ́ jẹ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ọ́fíìsì náà pé ẹ fẹ́ ẹlòmíì. Wọn kì í bínú sí i tó bí ẹ ṣe rò, ó sì dára ju ká máa ráhùn nílé lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, níwájú májísíréètì, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè béèlì bí lọ́yà kò bá sí níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ tà kò ní kí ẹjọ́ má falẹ̀. Mo ti rí ẹbí tó ta oko kòkó nítorí ẹjọ́ tí kóòtù wá dá nù nítorí pé ẹlẹ́rìí kò wá.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin lọ́yà kan tẹ̀ lé mi lọ sí àgọ́ ní ọ̀sán yẹn. Kò pariwo, ó kàn béèrè ìdí tí wọn kò fi tíì gbé ọmọ náà lọ kóòtù. Wọ́n gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, májísíréètì sì fún un ní béèlì. Ìṣòro tó kù ni onídùúró. Wọ́n ní kó jẹ́ ẹni tó ní ilé ní Adó, kó sì ní ìwé owó orí. A ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ajílosùn
Ọlọ́run ṣeun! Ẹ má lọ gba onídùúró alágbàtà tó ń jókòó ní ọgbà kóòtù o. Owó ni wọn yóò gbà, ayédèrú ìwé ni wọ́n sábà máa ń kó wá, bí wọ́n bá sì mú un, àbúrò rẹ ni yóò padà sínú. Béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ìjọba tó bá mọ ìyá yín.

Lọ́yà Ìkọ̀lé
Bí ẹ ò bá rí i láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ padà sọ fún lọ́yà yẹn. Ó lè padà sí iwájú májísíréètì kó bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in kù, bóyá kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ipò kan dúró dípò onílé. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni, owó kankan kò tún sí lórí rẹ̀.

Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: lọ́yà lè jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ìwé kóòtù má jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ìbúra, owó ẹ̀dà ìwé, owó mọ́tò ẹlẹ́rìí. Ẹ béèrè níbẹ̀rẹ̀ pé èwo ni ọ́fíìsì yóò gbé, èwo ni ẹbí yóò gbé, kí ẹ sì gba rìsíìtì kóòtù fún èyí tí ẹ bá san.

Ìyá Méjì Ìjerò
Ẹ dákun, ṣé ọ̀rọ̀ ogún náà wọ ibí? Ọkọ mi kú, ọmọbìnrin méjì ni mo bí fún un. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé, wọ́n ní obìnrin kì í jogún. Wọ́n ti ẹrù mi síta, ọ̀kan nínú wọn sì gbá mi létí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí àti ààfin. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn ọmọ yín yóò sì nílò àwọn ẹbí baba wọn lọ́jọ́ iwájú. Àmọ́ ohunkóhun tí ẹ bá fẹnu kò sí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i.

Lọ́yà Ìkọ̀lé
Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ràn bàbá, mo sì fara mọ́ ọn lórí pípín ilé. Lórí ìgbátí yẹn, n kò fara mọ́ ọn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi emu àti obì parí. Èkìtì ní òfin tó dojú kọ irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe é ní 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Mà, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, wọ́n ní ẹ̀ka ní Èkìtì, iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù lọ nìyí. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ kí ojú ibẹ̀ tó jiná.

Lórí ogún, àṣà Yorùbá tí kóòtù mọ̀ kò sọ pé ọmọbìnrin kì í jogún. Ọmọ ni ọmọ. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ìdí-igi ni wọ́n máa ń lò, ìyẹn ni pé ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ gba ìpín kan. Bí ẹbí bá gbà bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole lórí ọ̀rọ̀ yìí dé ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fún Nàìjíríà nígbà náà, ní 1962, ìdí-igi ni wọ́n sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Àbúrò ọkọ kò sí níwájú ọmọ. Tìyàwó fúnra rẹ̀ ló ṣòro lábẹ́ àṣà, nítorí pé àṣà kò fún un ní ìpín nínú ohun ìní ọkọ. Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó ní registry, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba láti so yín pọ̀ lábẹ́ òfin, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹ wá ìwé yẹn jáde. Ẹ wá rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ fi owó yín rà síbẹ̀ náà, páànù, sìmẹ́ǹtì, ohunkóhun.

Ìyá Méjì Ìjerò
Ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti ṣe é. Ìwé náà wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi.

Awakọ̀ Ìfàkì
Ìbéèrè kékeré. Mo jẹ gbèsè, ẹni tí mo jẹ ti ní òun yóò fi ọlọ́pàá mú mi. Ìyàwó mi ni wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ báyìí.

Lọ́yà Ìkọ̀lé
Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn lásán, kò sì gbà kí wọ́n mú ẹlòmíì dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn yín o, ẹ lọ bá a ṣe àdéhùn bí ẹ ó ṣe máa san án. Bí wọ́n bá mú ìyàwó yín, ọ̀nà kan náà tí a sọ lókè fún àbúrò káfíńtà ni.

Agùnbánirọ̀ Àná
Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ayédèrú lọ́yà kó tó bọ́ lórí mi. Kóòtù kún fún wọn. Lọ́yà gidi ní nọ́ńbà ní ìwé orúkọ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ, ó sì ní òǹtẹ̀ NBA tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé tó bá fi sí kóòtù. Láti 2015 ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹ béèrè òǹtẹ̀ yẹn. Ẹ lè mú orúkọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka NBA kí wọ́n sọ fún yín bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ tọkàntọkàn kò ní ní kí ẹ san owó sí àpò ara òun.

Ará Ọ̀mùò
Àwa tí a jìnnà ń kọ́? Owó mọ́tò Ọ̀mùò sí Adó lálọ àtàbọ̀ tó owó oúnjẹ. Ọmọ ìyá mi ní kóòtù ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ka èdè tiwa ló sì ń sọ, Yorùbá Adó gan-an kò yé e dáadáa.

Lọ́yà Ìkọ̀lé
Kó dìde lọ́jọ́ náà bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀, kó sọ fún májísíréètì pé òun kò ní lọ́yà, òun kò sì lówó tí òun yóò fi gbà á, òun fẹ́ kí Legal Aid tàbí Public Defender gbèjà òun. Kó sọ ọ́ ketekete níwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n tó ka ẹ̀sùn náà sí i létí. Kó tún béèrè ògbufọ̀. Abala 36 nínú ìwé òfin sọ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń lò ní kóòtù, kó má sì torí ìtìjú sọ pé ó yé òun. Bí májísíréètì bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gba ọjọ́ tí wọ́n sún un sí àti nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù. Ẹ kò nílò kí gbogbo yín wá sí Adó. Ẹnìkan tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ mìíràn lè mú ìwé kékeré yẹn wá sí ọ́fíìsì Legal Aid, ìyẹn tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wádìí ní Ìkọ̀lé náà kí ẹ tó wọkọ̀, àwọn lọ́yà wà níbẹ̀ tí kóòtù yín kò jìnnà sí.